Àgọ́ tí mo gbé sórí alùpùpù lọ sí òkè Blue Ridge

Òru mẹ́fà ni mo sùn nínú àgọ́ yìí ní oṣù kẹfà 2023, nígbà tí mo gun alùpùpù gba ọ̀nà Blue Ridge Parkway láti Rockfish Gap ní Virginia títí dé ẹ̀bá Cherokee ní North Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Máìlì 469 ni. Àgọ́ ẹlẹ́ni méjì ni, 160 dọ́là ni mo rà á. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra àgọ́ ló máa ń béèrè bó ṣe fúyẹ́ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun alùpùpù, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe gùn tó tí wọ́n bá ká a.

Ọ̀pá àgọ́ tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kì í wọ inú àpótí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù mi. Ẹ̀yìn ìjókòó ni mo máa ń dì í mọ́ ní ìbú bí igi ìdáná, tí mo bá sì wọ kọ́nà, ṣe ló máa ń fì mí. Ọ̀pá ti tuntun yìí kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ó wọ inú àpótí wẹ́kú. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, torí pé ọ̀nà Blue Ridge kì í tọ́ pẹ́: ó ṣẹ́rí sí ọ̀tún, ó ṣẹ́rí sí òsì, òkè níhìn-ín, ọ̀gbun lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ akẹ́rù kì í gba ibẹ̀, ìjọba kò sì fẹ́ kéèyàn sáré ju máìlì 45 ní wákàtí kan. Ní Linn Cove Viaduct, afárá tí wọ́n fi rọ̀ mọ́ ara Grandfather Mountain, mo tẹ̀ sí ọ̀tún, alùpùpù tẹ̀ tẹ̀lé mi, ẹrù kò mì rárá. Ọdún 1935 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí. Agbègbè afárá náà ló gbẹ̀yìn, ní 1987. (Ihò abẹ́ òkè 26 ló wà lójú ọ̀nà náà. Ẹ bọ́ awò dúdú kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Kò sì sí ilé epo kankan lórí rẹ̀, ẹ ní láti yà sínú ìlú.)

Èèkàn àgọ́ náà kò dáa. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tẹ́ síbi tí mo kọ́kọ́ pàgọ́ sí, mẹ́rin nínú mẹ́jọ ló tẹ̀ kọrọdọ. Ìlú Asheville tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà ni mo ti ra ti irin.

Òru tí mo sùn ní òkè Mount Pisgah ni mi ò ní gbàgbé. Ibẹ̀ ga tó nǹkan bí 5,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìkúùkù sì ti bo gbogbo igi kí ilẹ̀ tó ṣú. Láago mẹ́rin ìdájí, omi kán sí mi níwájú orí. Mo rò pé òjò ni. Mo fọwọ́ kan òrùlé àgọ́ nínú, ó tutù rinrin. Nígbà tí mo tanná, mo rí i pé èémí mi ló di ìrì, tó tò wínníwínní lára aṣọ. Fèrèsé kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí i, kò tó. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ṣí síìpù ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ara àgọ́ gbẹ títí di òwúrọ̀. Àmọ́ síìpù náà ń gé aṣọ jẹ. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló tó dáhùn, ìyẹn dùn mí gan-an.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú rẹ̀ gba bàtà àti akoto. Ẹ má fi oúnjẹ síbẹ̀ o! Béárì pọ̀ lórí òkè yẹn, àwa alùpùpù kò sì ní búùtù tá a lè tì pa. Inú àpótí irin tí wọ́n ṣe síbẹ̀ nítorí béárì ni mo tọ́jú gàrí, kúlíkúlì àti ẹja gbígbẹ tí ìyàwó mi dì fún mi sí.

Ìjì Helene ba ọ̀nà náà jẹ́ gidigidi ní North Carolina ní oṣù kẹsàn-án 2024, nítorí náà ẹ wo ibi tó ṣí kẹ́ ẹ tó gbéra. Ní ti àgọ́, ẹnì kan pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ ló gbà dáadáa, kì í ṣe èèyàn méjì. Mo ti gbé síìpù rẹ̀ fún télọ̀ ṣe, òun náà ni màá tún gbé lọ.