Ilé ìfọkọ̀ kan ní Pánṣẹ́kẹ́: obìnrin kan ló kó wọn yọ lọ́wọ́ mi

Wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi mọ́. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kẹ́ ẹ má bàa rò pé ìbínú nìkan ló gbé mi kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló gbé mi kọ ọ́.

Mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà Ìtòrí dé, ooru ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọmọkùnrin tó fẹ́ fọ ẹ́ńjìnnì gbé ike ọ̀dà kan dé, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé wà nínú rẹ̀. Kó tó dọ́dọ̀ mi ni òórùn ti gba imú mi kan. Bẹntiróò! Mo pariwo mọ́ ọn. "Dádì, òun ló máa ń bó gírísì kíákíá." Ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wọn jáde, gúgúrú lẹ́nu. Kò kí mi. "Àlàájì, ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń lò ó, iná ò jó ẹnì kankan rí." Mo ní ṣé ó mọ̀ pé nínú otútù tí omi fi ń di yìnyín pàápàá, èéfín bẹntiróò ṣì ń gbiná, ká má tíì sọ lórí irin tó gbóná tó báyìí? "Ẹ̀yin lẹ kàwé." Ó padà sídìí gúgúrú rẹ̀.

Mo ti ń wọ mọ́tò nígbà tí obìnrin tó ń nu táyà nítòsí wa sọ pé, "Ẹ má bínú, Dádì. Ẹ jẹ́ kó tutù, màá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ fún yín." Ó dúró títí ó fi lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì láìfà á padà. (Kẹrosíìnì náà léwu o, tó bá ti lé ní bíi 38°C, èéfín tirẹ̀ náà lè gbiná.) Ó fi láílọ́ọ̀nù bo ọ́tánétọ̀ tó ń ṣe iná fún mọ́tò, àpótí fíúsì àti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn, ó fi rọ́bà dè wọ́n. Ó kun kẹrosíìnì, ó jẹ́ kó rin ín. Kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì ńlá ò dé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi ha á. Ibi tí eruku pupa ti pò mọ́ ọ́ìlì tó gan bí ìsàlẹ̀ ìkòkò àmàlà, ó fi sukurudiráífà hó o díẹ̀díẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n ń lo ògidì sódà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Ó ní rárá, pé ó máa ń jẹ irin fífúyẹ́ tí wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì Corolla.

Ìgbà tó mọ́ tán ló pè mí: "Ẹ wo ibí." Ọ́ìlì tuntun ń yọ́ jáde lábẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì mi ti ní ríǹgì inú ẹ́ńjìnnì ló jẹ, ó fẹ́ tú gbogbo ẹ́ńjìnnì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí abẹ́ ìdérí yẹn lásán ni!

Àfi bí obìnrin yìí ṣe lọ kírun tí ọmọkùnrin yẹn gbé ẹ̀rọ olómi líle, ó fọ́n ọn lé orí àwọn kọ́ìlì tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì tààrà. Mo ṣíná, mọ́tò ń gbọ̀n jìgìjìgì. Obìnrin náà ló tún padà wá tú kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi kọ́mprẹ́sọ̀ fẹ́ omi kúrò nínú ihò púlọ́ọ̀gì, ó dáa. Ọ̀gá wá ní kí n sanwó kọ́mprẹ́sọ̀ lọ́tọ̀. Owó omi tí ọmọ rẹ̀ dà sí i!

Mi ò san án. Obìnrin náà ni mo fún lówó.

Mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìyàwó mi ní kò yẹ kó ju méjì lọ, ṣùgbọ́n òun ò rí bí ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe ń dán.