Exorcist II: The Heretic: Apá Kejì Tí Ó Gbàgbé Ibi Tí Ẹ̀rù Ti Wá

Ìgbà tí mo gbọ́ orúkọ Kokumo nínú Exorcist II: The Heretic ni mo tó jókòó dáadáa. James Earl Jones ni ó ṣe ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ Áfíríkà kan tí ẹ̀mí àìmọ́ gbé wọ̀ nígbà èwe rẹ̀, tí Fádà Merrin, àlùfáà tí ó kú nínú apá kìn-ín-ní, The Exorcist, sì lé e jáde lára rẹ̀. Orúkọ àbíkú wa ni: Kòkúmọ́, ọmọ tí òbí rẹ̀ ń bẹ̀ pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó dúró lọ́tẹ̀ yìí. John Boorman, tí ó darí fíìmù náà ní 1977, gbé orúkọ yìí lọ sí àárín ìjọ Kristẹni orí òkè àpáta tí ó fara jọ ti Etiópíà, kò sì sí ẹnì kan nínú eré náà tí ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó ṣe ṣe orúkọ yẹn náà ni ó ṣe ogún tí apá kìn-ín-ní fi sílẹ̀ fún un: ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kò sì tú u wò.

Ogún náà kò kéré. The Exorcist, tí William Friedkin darí ní 1973, ni fíìmù ẹlẹ́rù àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Oscar ti fíìmù tó dára jù lọ. Inú ilé kan ní Georgetown, ní ìlú Washington, ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ara Regan, ọmọbìnrin ọdún 12 tí ẹ̀mí àìmọ́ gbé wọ̀, kò yá. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lọ́rùn, wọ́n ya fọ́tò orí rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àlùfáà, nígbà tí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀, kò sí ibòmíràn tí àwa tí à ń wò ó lè sá sí mọ́. Ẹni tí ó bá ti gbé ọmọ aláìsàn kiri láti ilé ìwòsàn dé ilé àdúrà yóò mọ̀ pé ìyá yẹn, tí Ellen Burstyn ṣe, ni ẹ̀rù náà ń gbé lára rẹ̀, kì í ṣe orí tí ó ń yí sẹ́yìn. Friedkin tilẹ̀ fi ẹ̀rọ amúlétutù sọ yàrá ọmọ náà di yìnyín kí èémí àwọn òṣèré lè máa rú bí èéfín lóòótọ́.

Burstyn kò sí nínú apá kejì. Friedkin kò sí níbẹ̀, William Peter Blatty tí ó kọ ìtàn náà kò sì lọ́wọ́ sí i. Linda Blair padà wá gẹ́gẹ́ bí Regan, tí ó ti dàgbà díẹ̀, tí ó sì ń gbàtọ́jú ní New York lọ́dọ̀ dókítà kan tí Louise Fletcher ṣe. Dókítà yìí ní ẹ̀rọ oníná kan: ènìyàn méjì yóò so okùn rẹ̀ mọ́ orí, iná yóò máa ṣẹ́jú, ẹnì kan yóò sì wọ inú ìrántí ẹnì kejì lọ. Ibẹ̀ ni fíìmù náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀mí tí a lè fi ẹ̀rọ lọ kí lọ́sàn-án gangan, kí a sì padà wálé, kò tún lè lé oorun lójú ẹnikẹ́ni. Richard Burton, tí ó ṣe àlùfáà tí wọ́n rán láti wádìí ikú Merrin, ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wà lórí pẹpẹ, títí kan èyí tí kò ju ìkíni lọ.

Èmi kò ní purọ́ mọ́ ọn, àwọn eéṣú tí ń ya nínú fíìmù náà dára. Kámẹ́rà bá wọn fò lórí ilẹ̀ gbígbẹ, orin Ennio Morricone sì gbé e ró. Nígbà tí Kokumo sì di àgbà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni a bá, tí ó ń wá irú eéṣú tí yóò pẹ̀tù sí ìbínú agbo. Mo lè wo fíìmù odindi lórí èyí nìkan. Ṣùgbọ́n ní ìparí, Regan dúró nínú ilé Georgetown, eéṣú ń ya lù wọ́n, ó sì ń fi apá yípo lókè bí ẹni tí ń fì orò. (Nílé wa, ọmọbìnrin kì í sún mọ́ ọn.) Àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà rẹ́rìn-ín débi pé Boorman tún fíìmù náà gé nígbà tí ó ṣì wà ní sinimá. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, kò tó apá kìn-ín-ní, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ àtẹ̀lé tòótọ́, kí ó fo èyí lọ sí The Exorcist III ti 1990, tí Blatty fúnra rẹ̀ darí, tí kò sì mẹ́nu kan eéṣú tàbí ẹ̀rọ oníná rárá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ ní òru, kámẹ́rà dúró sójú kan ní òkèèrè, nọ́ọ̀sì kan ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí orin. Mo ti pariwo kí n tó mọ̀ pé mo ti pariwo.