Ẹ ṣọ́ra o! Ọ́ìlì gíà pupa tí mo rà ní Lọ́kọ́jà ti pa mọ́tò mi

Ẹ̀yin ará, Òkun o (bí àwa ará Kàbbà àti agbègbè wa ṣe ń kí ara wa nìyẹn). Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn, ẹ bá mi fara dà á. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, n ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Bí mọ́tò yín bá jẹ́ ọtomátíìkì, tí ẹ sì ń gbèrò láti ra ọ́ìlì gíà lẹ́bàá títì ní Lọ́kọ́jà, ẹ dúró ná. Ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Honda Prelude ọdún 1999 ni mọ́tò mi. Ilẹ̀kùn méjì ni, ó sì rẹlẹ̀ débi pé bí mo bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni ń dìde lórí ẹní ni. Àwọn ará àdúgbò mi ní Kàbbà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́tò ọmọ Yáhù ni mò ń gùn, èmi olùkọ́ tí mo ti lé ní ogójì ọdún. Kò kàn mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tu owó jọ kí n tó rà á. Ọdún 2001 ni Honda ti ṣíwọ́ irú rẹ̀, nítorí náà gíà rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí rà bí ẹní ra búrẹ́dì.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé n ò mọ nǹkan tí mò ń ṣe: mo mọ̀ ọ́n. Gíà ọtomátíìkì Honda ayé ìgbà yẹn yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yòókù. Inú rẹ̀ fara jọ ti gíà ọlọ́wọ́, ọ̀pá irin àti eyín ni, tí gíà kọ̀ọ̀kan sì ní kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbá a mú. Ọ́ìlì yẹn ló ń ti àwọn kílọ́ọ̀ṣì yẹn kí wọ́n lè di ara wọn mú. Bí ọ́ìlì kò bá jẹ́ èyí tó yẹ, wọn á máa yọ̀, wọn á máa gbóná, wọn á sì jó. Ìdí nìyẹn tí Honda fi ní ọ́ìlì gíà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Z-1 ni látijọ́, DW-1 ló rọ́pò rẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí? Mo kàwé. Ìwé tí mo kà ò dáàbò bò mí.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo lọ sí Lọ́kọ́jà nítorí ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ṣọ́ọ̀bù kan tí mo kọ́kọ́ yà sí ní ₦46,000 ni gálọ̀nù lítà mẹ́rin DW-1. Mo ní wọ́n ti ya wèrè. (Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá mọ ọkùnrin yẹn, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.) Mo rìn síwájú díẹ̀, mo bá ọmọkùnrin kan tó to gálọ̀nù jọ rẹpẹtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òkun o, ẹ̀gbọ́n."

Bí gbogbo ara mi ṣe rọ̀ nìyẹn.

Ó béèrè ibi tí mo ti wá, mo ní Kàbbà. Ó ní áà, ọmọ Owé! Ó ní Mọ́pà ni wọ́n ti bí ìyá òun, òun ò lè ta ohun tí kò dáa fún ẹni tiwa láéláé. Ó gbé àga fún mi. Ó fún mi ní omi tútù. ₦38,000 ló kọ́kọ́ pè é, nígbà tí a ó fi sọ̀rọ̀ dé orí iyán àti ọ̀nà tó bàjẹ́, ó ti di ₦32,000. Mo ra méjì, ₦64,000. Mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo ní kí Ọlọ́run bù sí ọjà rẹ̀! Mo gbàdúrà fún olè, lójúmọmọ, lójú ìta gbangba.

Kí n tó sanwó, ó ṣí gálọ̀nù kan tó fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi hàn mí. Ó pupa bíi zobo. Mo ní ọ́ìlì rèé. Ẹ wo àgbà ọkùnrin. Wọ́n ń pa ọ́ìlì gíà láró pupa kí èèyàn má baà ṣì í mú fún ti ẹ́ńjìnnì ni, aró náà ò jẹ́rìí sí ohunkóhun mìíràn. Aró ò wọ́n lọ́jà. Ẹni tó bá lè pa ṣòkòtò àdìrẹ láró lè po tirẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀kan nínú àwọn ìdérí yẹn yí wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo dé ilé. Kò ké, kò já, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìgò omi tí wọ́n ti mu tẹ́lẹ̀. Mo rí i. Ojú mi méjèèjì ló rí i. Mo wá sọ fún ara mi pé oòrùn ọ̀nà ló mú un dẹ̀. Mo tún béèrè risíìtì kí n tó kúrò níbẹ̀ o, ó ní ìwé òun ti tán, pé ẹ̀gbọ́n, ṣé a máa gba risíìtì láàárín ara wa ni?

Láàárín ara wa.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo ṣe é fúnra mi níwájú ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, nítorí mẹkáníìkì kan ládùúgbò ti ń sọ kiri pé èmi ọlọ́gbọ́n fídíò ni mo fọwọ́ ara mi ba gíà mi jẹ́. Mo wa mọ́tò káàkiri kí ọ́ìlì lè móoru. Mo gbé e sókè lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo fi irin tó lágbára gbé e ró, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Nọ́tì ìsàlẹ̀ gíà Honda ò nílò sípánà, ihò onígun mẹ́rin ló ní, orí rátẹ́ẹ̀tì 3/8 ló wọ inú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ta ló sọ fún mẹkáníìkì yẹn pé n ò mọ̀? Mo jẹ́ kí ọ́ìlì náà ṣàn sínú bàsíà ìfọṣọ Ìyá àwọn ọmọ (wọ́n ti mọ̀ báyìí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀). Mo wọ̀n ọ́n, lítà méjì àti díẹ̀ ló jáde. Iye tó jáde gan-an ni mo fi àrọ dá padà láti ihò géèjì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò lè fa èyí tó ti lò jáde tán, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ há sínú torque converter (ohun tó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ gíà), nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é, tí mo ń wa mọ́tò díẹ̀ láàárín. Mo paná, mo yẹ géèjì wò kó tó pé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó wà láàárín àmì méjèèjì. Àṣìṣe dà níbẹ̀? Ẹ bá mi wá a.

Ọjọ́ Ajé, mo ń lọ sí Lọ́kọ́jà. N ò tíì dé Ọbajana tí iná D, àmì gíà, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo fẹsẹ̀ tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ké dé 5,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, mọ́tò ń fà bí ìgbín. Tírélà sìmẹ́ńtì kan wà lẹ́yìn mi tó ń fọn fèrè bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó. Lẹ́yìn náà òórùn dé, bíi ẹ̀wà tó jóná mọ́ ìkòkò. Mọ́tò dúró. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán ni mo jókòó lẹ́bàá ọ̀nà yẹn nínú eruku, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì kọjá nínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ń juwọ́ sí mi. ₦55,000 ni ọkọ̀ tó wọ́ ọ padà sí Kàbbà gbà. ₦40,000 ni wọ́n fi tú gíà náà wò. Ọ́ìlì ọjọ́ méjì ti dúdú! Kílọ́ọ̀ṣì ti jó di eérú. ₦159,000 ti lọ báyìí, wọ́n sì ń pe gíà tòkunbọ̀ ní ₦420,000, bí a bá tilẹ̀ rí i.

Díẹ̀ tó kù nínú gálọ̀nù kejì ni mo dà sínú ife funfun. Ó ń rùn bíi kẹrosíìnì, ó sì ṣàn bí omi.

Mo padà lọ bá a. Kò kí mi ní Òkun mọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé èmi ni mo ní kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é?" Ó ní òun ò tilẹ̀ rántí mi. Ẹni tó fún mi ní omi! Àwọn tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní Prelude náà ti gbó, pé ọ́ìlì tuntun máa ń ṣekú pa gíà àtijọ́. Bí mo bá jí lóru mo máa ń ro ìyẹn. Ó ha lè jẹ́ òótọ́ ni? Gíà náà ò fà rí, kò yọ̀ rí, ọjọ́ Ẹtì ni mo fi gun òkè lọ sí Lọ́kọ́jà tí mo sì gùn ún bọ̀. Rárá o. Ọ́ìlì ni. Mo gbà pé ọ́ìlì ni.

Ẹnì kan ní kí n mú ẹjọ́ lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n, omi tútù tí mo mu? Risíìtì dà?

N ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ẹni tó ń tà á ní ₦46,000 náà, ta ló mọ̀ bóyá inú agolo kan náà ni òun àti ọmọ tó pè mí ní ẹ̀gbọ́n ti ń pọn ọ́n? Ẹni tó ń ta epo pupa, ẹni tó ń ta oyin, mo ń wo gbogbo yín báyìí.

Ó dáa, àwọn tó fẹ́ gbọ́: ẹ gba risíìtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Bí ìdérí bá yí wẹ́rẹ́, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ojú ṣọ́ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára gálọ̀nù, tèmi méjèèjì, bí ẹ bá fi èékánná họ ọ́, ó ń ṣí. Ẹ da díẹ̀ sínú ife kí ẹ tó da á sínú mọ́tò, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ nínú ọ́ìlì àtijọ́ yín pamọ́ kí ẹ lè fi wé e. Ìyẹn náà tó.

Ẹ tún dá gálọ̀nù òfìfo lu kí ẹ tó jù ú nù, torí inú wọn ni wọ́n ń rọ àyédèrú sí. Mo mọ̀ báyìí. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ kiri ra gálọ̀nù òfìfo mẹ́rin lọ́wọ́ mi, ₦300 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi owó yẹn ra àkàrà. N ò fẹ́ rò ó pé ọ̀kan nínú wọn lè ti padà wálé.

Ọmọ náà tún kọjá lánàá. Ó rí gálọ̀nù méjèèjì lẹ́bàá Prelude, ó ní òun á san ₦500 lórí ọ̀kan báyìí, pé ọjà ti gbówó lórí. Ìyá àwọn ọmọ ní kí n tà á, ó kéré tán a ó rí ₦1,000 gbà nínú owó wa.