Ìtànṣán láti ẹ̀bátí méjèèjì àbí IMRT fún ojú tí àìsàn táíróòdì yọ síta?

Ojú àǹtí mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, yọ síta débi pé ìpéǹpéjú wọn kì í pàdé bí wọ́n bá sùn. Gẹ̀gẹ̀, ìyẹn táíróòdì ọrùn tó wú, nìkan ni gbogbo wa ń wò. Àṣé àwọn ọmọ-ogun ara wọn fúnra wọn ló ń gbógun ti ẹran ẹ̀yìn ẹyinjú tó fi ń wú. Ìtànṣán lè pa iná ogun yẹn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀. Ti àtijọ́ ń gba ẹ̀bátí ọ̀tún àti tòsì wọlé, wọ́n á sì dí apá iwájú kí ó má ba dígí inú ẹyinjú jẹ́. Ètò rẹ̀ kì í pẹ́. IMRT, ìyẹn ìtànṣán tí kọ̀ǹpútà ń darí agbára rẹ̀, ń ti ọ̀pọ̀ igun wọlé, ó sì ń tẹ̀lé bí ẹran náà ṣe rí gan-an. Ó lè dáàbò bo dígí yẹn dáadáa, àmọ́ ìtànṣán díẹ̀díẹ̀ lè tàn ká ọpọlọ ju ti àtijọ́ lọ, owó rẹ̀ sì wọ́n.

Ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì sábà máa ń lò: 20 Gy lápapọ̀ (Gy ni òṣùwọ̀n ìtànṣán), tí wọ́n pín sí ìgbà 10, láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Wọ́n á rẹ ike sínú omi gbígbóná, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú rẹ títí yóò fi le, kí orí má mì.

Lójú tèmi, ti ẹ̀bátí tó bí ọwọ́ oníṣẹ́ bá dá ṣáṣá. Ó ṣàǹfààní fún ríríran méjì-méjì ju yíyọ ojú lọ. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ba ẹ̀yìn ojú rẹ̀ jẹ́ kò gbọdọ̀ gbà á.