Mọ́tò onírin fún ọmọdé: Matchbox, Hot Wheels, Majorette tàbí Siku?

Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò onírin kékeré fún ọmọ, ẹ dojú ẹ̀ dé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ẹ̀. Ọ̀dà tó ń dán lókè kì í sọ ohun tójú ọmọ yín máa rí.

Matchbox tí wọ́n fi tọ́ àwa dàgbà l'Abẹ́òkúta, ilé iṣẹ́ Lesney ní London ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1953. Irin lókè, irin nísàlẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sìmẹ́ńtì n'Íjẹmọ̀ la ti máa ń tì í, á lọ forí sọ ògiri. Ọ̀dà igun iwájú á kọ́kọ́ bó, irin eérú á yọ, mọ́tò á ṣì máa yí.

Hot Wheels dé láti Amẹ́ríkà ní 1968. Kò sẹ́gbẹ́ ẹ̀ tó bá di eré sísá, torí wáyà tín-ín-rín ló gbé táyà ẹ̀. Wáyà yẹn náà ló máa ń tètè tẹ̀. Ní 1969, Matchbox náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà tín-ín-rín sí tiẹ̀, kó má bàa gbẹ̀yìn. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń tú òkìtì tòkunbọ̀ ní Lafẹ́nwá, tẹ́ ẹ rí Matchbox tí wáyà ẹ̀ nípọn, tí wọ́n kọ Lesney sábẹ́ ẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀. Láti 1997, Mattel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Hot Wheels, ló ni méjèèjì, abẹ́ ọ̀pọ̀ wọn sì ti di ike.

Majorette ti ilẹ̀ Faransé ní sípíríǹgì: ẹ tẹ orí ẹ̀, á wọlẹ̀, á tún gbéra. Ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣí. Siku ti Jámánì wúwo lọ́wọ́, katakata àti tírélà ẹ̀ sì dáa gan-an. Ó wọ́n lóòótọ́, àmọ́ òun ni màá rà fún ọmọ tó ń la nǹkan mọ́lẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kó tó sáré, ilé onítáìsì nìkan ló wà fún. Tí iyanrìn bá ti wọ jíà ẹ̀, ó parí.

Ẹ má dá ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì dán mọ́tò wò bóyá irin gidi ni lóhùn. Síńkì ló pọ̀ jù nínú irin yẹn, mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà á. Wáyà táyà nìkan ló máa fà. Tòkunbọ̀ tí ara ẹ̀ bá sán wẹ́wẹ́ tó sì wú, òjé ló ti wọ síńkì ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti yọ́ ọ. Gúlúù kankan ò lè tò ó. Ẹ má sì kó ti àtijọ́ fún ọmọ tó ṣì ń ki nǹkan bọ ẹnu, òjé lè wà nínú ọ̀dà náà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tì í lórí kántà. Tó bá ń yà bàrá sápá kan, wáyà ẹ̀ ti tẹ̀, ẹ já owó ẹ̀ wálẹ̀.