Oṣù Mẹ́ta Pẹ̀lú Yu Ping Feng San, Àgbo Àjẹsára Àwọn Ará Ṣáínà

Inú àpò ìwé kékeré ni wọ́n kó o sí fún mi. Egbò aláwọ̀ ìyeyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fẹ́ dín, òmíràn rí kókókókó, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀kẹta tẹ́ẹ́rẹ́, òórùn rẹ̀ sì jọ ti kárọ́ọ̀tì tó ti gbẹ. Mẹ́ta péré ni. Huangqi ni wọ́n ń pe àkọ́kọ́, baizhu ni èkejì, fangfeng ni ẹ̀kẹta, orúkọ àpapọ̀ wọn sì ni Yu Ping Feng San. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, àgúnmu tó dúró bí ògiri òkúta jéèdì láti dí afẹ́fẹ́ ni. Ó ti lé ní 500 ọdún tí àwọn oníṣègùn Ṣáínà ti ń lò ó fún ẹni tí òtútù máa ń tètè mú. Mo lò ó láti oṣù October títí di ìparí December, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń rò ó bóyá kí òun ra tirẹ̀.

Ìtọ́jú àwọn arúgbó ni iṣẹ́ mi ní gúúsù London. Bí ìgbà òtútù bá ti dé, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan nínú àwọn tí mò ń tọ́jú kò ní máa wúkọ́ tàbí kí ó máa sín. Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀fìnkìn dá mi dùbúlẹ̀ láàárín October sí March, ìkẹta nínú wọn sì fi ikọ́ sílẹ̀ fún mi tí kò lọ bọ̀rọ̀. Mo gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìjọba ń fún àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú, n kò sì kábàámọ̀ pé mo gbà á, ṣùgbọ́n irú ọ̀fìnkìn kan ṣoṣo, èyí tí òyìnbó ń pè ní flu, ni abẹ́rẹ́ yẹn ń bá jà, irú tó kù sì pọ̀ lọ jàra. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ràn sí ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́nu nígbà tó ní kí n lọ wo ilé ìtajà egbòogi Ṣáínà tó wà ní òpópónà wọn.

Ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní àjẹsára yìí kò ṣàjèjì sí wa. Kí abẹ́rẹ́ tó dé ilẹ̀ wa rárá ni àwọn bàbá wa ti ń jẹ oògùn sára, kí ibi má baà rí wọn gbéṣe. Ojú tí àwọn ará Ṣáínà fi ń wò ó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé agbára kan wà tó ń káàkiri abẹ́ awọ ara tí wọ́n ń pè ní wei qi, òun ni ọlọ́dẹ tó ń ṣí ihò òógùn tó sì ń tì í, inú oúnjẹ tí a jẹ ni ó sì ti ń wá. Bí ọlọ́dẹ yìí bá sùn, afẹ́fẹ́ á gbé òtútù wọlé. Huangqi ni wọ́n fi ń ró o lágbára, baizhu ń mú kí inú lọ oúnjẹ dáadáa kí agbára náà lè rí ibi ti jáde, fangfeng sì ń lé afẹ́fẹ́ tó bá ti yọ́ wọlé. Àní ìtumọ̀ orúkọ fangfeng gan-an ni "dènà afẹ́fẹ́". Ọgbọ́n àtijọ́ ni èyí, kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹ̀rọ rí, ṣùgbọ́n ó yé mi ju ọ̀pọ̀ ìpolówó oògùn tí mo ti kà lọ.

Ìyá arúgbó ará Ṣáínà kan ni mo bá ní ilé ìtajà náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan wà tó kún fún àpótí kéékèèké tí a ń fà jáde, ó tó ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì kọ orúkọ egbò sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò mú ohunkóhun nínú wọn kí ó tó jókòó tì mí. Ó ní kí n yọ ahọ́n, ó wò ó títí. Ó gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn-ọwọ́ mi òsì, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó gbé e lé ti ọ̀tún, ó tún dákẹ́. Ó bi mí bóyá mò ń làágùn láìṣe iṣẹ́, bí mo ṣe ń jẹun, àti oògùn òyìnbó wo ni mò ń lò. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni bóyá ara mi gbóná tàbí ọ̀fún ń dùn mí lọ́jọ́ náà, nítorí bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní tà á fún mi. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá lo oògùn yìí nígbà tí àìsàn ti wọlé dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó jẹ́ kí n fọkàn tán an. Ẹni tó bá kàn fẹ́ gba owó kò ní wá ìdí tí kò fi yẹ kí ó tà.

Orí òṣùwọ̀n ni ó ti wọ̀n ọ́n: huangqi gíráàmù 15 fún òòjọ́, baizhu àti fangfeng gíráàmù 5-5. Mo rántí àwọn elẹ́wẹ́ ọmọ wa tí wọ́n ń fi ojú àti àtẹ́lẹwọ́ díwọ̀n, tí wọn kì í sì í ṣì í, ṣùgbọ́n inú mi dùn láti rí nọ́ńbà tí mo lè kọ sílẹ̀, kí n sì fi han dókítà mi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Dókítà kà á, ó ní òun kò rí ohun tó lè bá oògùn mi jà níbẹ̀.

Sísè rẹ̀ gba sùúrù. A ó rẹ egbò náà sínú omi tútù fún ìdajì wákàtí, nítorí ó gbẹ kanrangandan, bí a bá sì ti gbé e ka iná láìrẹ ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni omi máa rí fà. Bí ó bá ti hó, a ó dín iná rẹ̀ kù fún bí ìṣẹ́jú 40, a ó sẹ́ ẹ, a ó tún da omi sí i sè lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà a ó pa omi méjèèjì pọ̀, a ó mu ìdajì láàárọ̀ àti ìdajì lálẹ́. Mo ti múra de kíkorò bí àgbo dóńgóyárò, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi ẹ̀wà tí a kò tíì fi iyọ̀ sí ni ó jọ, adùn díẹ̀ sì gbẹ̀yìn rẹ̀, bóyá nítorí pé mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà ni igi huangqi. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan, kò sì burú.

Ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀fìnkìn mú mi láàárín oṣù mẹ́ta náà. Mo dá oògùn dúró lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe sọ, ó lò tó ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ, ikọ́ kò tẹ̀ lé e. N kò lè búra pé egbò yìí nìkan ló ṣe é, nítorí mo tún ń sùn dáadáa nígbà náà ju ti ọdún tó kọjá lọ.

Ohun tó bí mi nínú ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo lọ ra ìkejì. Ìyá kò sí nílé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo bá. Ó gbé ìgò oògùn oníhóró kan síwájú mi ní pọ́n-ùn 18, ó ní yóò yá ju sísè lọ, àti pé bí mo bá ti ń lò ó, n kò nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́. Mo yí ìgò náà kiri, n kò rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo bi í, ó ní "ewé àti egbò ni." Mo dá a padà fún un. Ó dùn mí, nítorí mo mọ àwọn ènìyàn wa tó máa gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, pàápàá àwọn tó ti dàgbà.

Kì í ṣe pé mò ń ṣe fínnífínní. Ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni kíndìnrín wọn bàjẹ́ nítorí oògùn tí wọ́n lò láti fọn. Egbò tí wọ́n ń pè ní fangji ni ó yẹ kó wà nínú rẹ̀, àmọ́ egbò mìíràn tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́, tó sì ní májèlé, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo bí fangji ṣe súnmọ́ fangfeng lẹ́nu. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ egbò kọ̀ọ̀kan fún yín ní èdè Látìn. Saposhnikovia ni fangfeng, Astragalus ni huangqi, Atractylodes ni baizhu. Bí ó bá jẹ́ oògùn tí wọ́n ti ṣe sínú ìgò ní ilé iṣẹ́, òfin Bìrìtìkó ti sọ láti 2011 pé ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹ wá nọ́ńbà tí lẹ́tà THR ṣáájú rẹ̀ lára páálí. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé THR ń sọ pé wọ́n ti yẹ bí wọ́n ṣe ṣe é wò, àti pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó, kò sọ pé wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ti ìwádìí, àwọn onímọ̀ ti rí i nínú yàrá àyẹ̀wò pé ohun tó wà nínú huangqi ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jagun fún ara jí. Ti ènìyàn ni kò tíì dúró gbọn-in, nítorí ọ̀pọ̀ ìwádìí tó wà kéré, wọn kò sì ṣe é pẹ̀lú ìṣọ́ra tó yẹ. Àwa tí ibà ti bá fínra kò yẹ kí a fi ìyẹn ṣe ìdí láti kẹ́gàn egbòogi Ṣáínà. Tu Youyou, onímọ̀ oògùn ará Ṣáínà, ló ka ìwé Ge Hong, oníṣègùn àtijọ́ kan, tí wọ́n ti kọ láti nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, ó rí i pé omi lásán ni wọ́n fi ń rẹ ewé qinghao, wọn kì í sè é. Ó wá fi ohun tí kì í gbóná púpọ̀ fa oje rẹ̀, ó rí artemisinin, òun sì ni ìpìlẹ̀ oògùn ibà tí à ń rà fún àwọn ọmọ wa lónìí. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ó dán an wò, ó tún un dán wò, kó tó sọ pé ó dára. Yu Ping Feng San kò tíì dé ibẹ̀, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ó ti débẹ̀, ọjà ló ń tà.

Pọ́n-ùn 20 ni mo san fún àyẹ̀wò, pọ́n-ùn 35 fún egbò ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì wọ́n jù lójú tèmi. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ fún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí oògùn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń lò fẹ́ kí àwọn ọmọ ogun ara jókòó jẹ́ẹ́, huangqi sì fẹ́ kí wọ́n dìde. Aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín.

Bí September bá dé, n ó gba abẹ́rẹ́ mi, n ó sì tún padà sí ilé ìtajà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá tó di ọrùn-ọwọ́ mi mú ni n ó lọ. Bí n kò bá bá a nílé, n ó padà lọ́jọ́ mìíràn.