ThinkPad T480 fún PokerTracker 4: ẹ wo disk kí ẹ tó wo káàdì àwòrán

Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ThinkPad T480 ta poker, eré káàdì olówó, lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Tòkunbọ̀ ni. Òun kọ́ ni mo kọ́kọ́ rà, owó tí mo ná sórí èyí tó ṣáájú rẹ̀ sì dùn mí dé ọkàn. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Tábìlì mẹ́rin ni mo máa ń ṣí pọ̀, ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ kan, ìyẹn káàdì tí wọ́n pín lẹ́ẹ̀kan, bá ti parí, ètò poker á kọ ọ́ sínú fáìlì, PokerTracker 4, ètò tó ń ṣọ́ bí olúkúlùkù ṣe ń ta, á kà á, á sì kó o sínú database PostgreSQL, ibi tí àkọsílẹ̀ gbogbo wà. Ibẹ̀ ni HUD, àpótí kékeré tó ń hàn lórí tábìlì, ti ń fa nọ́ḿbà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan. VPIP ń sọ iye ìgbà nínú ọgọ́rùn-ún tí ènìyàn fínnúfíndọ̀ fi owó wọlé. PFR ń sọ iye ìgbà tó fi owó kún un kí káàdì àárín tó ṣí. Ogún alátakò ló wà níwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ tó sì wà nínú database mi ti lé ní 800,000. Gbogbo èyí ni ẹ̀rọ ń tú wò, tó ń ṣírò, ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá parí.

Ẹni tó ta ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fún mi sọ pé ẹ̀rọ géèmù ni, pé kò sí ohun tí kò lè gbé. Káàdì àwòrán (graphics card) ńlá, iná pupa lábẹ́ àwọn bọ́tìnì, RAM 8GB, hard disk 1TB. Ó dára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí database ṣì kéré. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Lóru ọjọ́ kan mo mú king méjì, ẹni tó wà lápá òsì mi sì da gbogbo owó iwájú rẹ̀ sílẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀: àpótí HUD ṣófo. Aago ń dínkù lọ. Ẹ̀rù bà mí, mo ju káàdì mi sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti ń pín ọwọ́ mìíràn ni nọ́ḿbà wá yọ: VPIP 61. Ẹni tó ń fi káàdì yòówù wọlé! Ká ní mo ti rí i ṣáájú ni, mi ò ní ju king méjì nù láéláé.

Mo ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi iṣẹ́ ẹ̀rọ hàn, lójú ẹsẹ̀. Káàdì àwòrán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan, CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ, ò dé ìdajì, Disk wà ní 100%, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwo tó ń yí ló wà nínú hard disk, apá kékeré kan ló sì ń sáré lórí rẹ̀. Nǹkan wẹ́wẹ́ tó fọ́n káàkiri ni PostgreSQL ń bèèrè, bí ẹni tí wọ́n rán lọ sọ́jà Òkè-Ajé pé kó ra ata nísọ̀ kan, kó ra iyọ̀ lódì kejì, kó tún padà wá ra alùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àkọ́kọ́. SSD, irú disk mìíràn, ò ní ohun tó ń yí, kò sí ìrìn kankan.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Fọlágbadé ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò nílò káàdì àwòrán o. Ẹ lọ wá disk àti RAM.” Ó tú ìdí T480 kan, ó fi ojú ihò RAM méjì hàn mí, ó ti 8GB bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 16GB. RAM yìí ló ń jẹ́ kí ohun tí database ti kà lẹ́ẹ̀kan wà nítòsí, kó má tún padà sórí disk. SSD NVMe, irú SSD tó yára, ló wà nínú rẹ̀. Mo rà á. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó gbé ojú kúrò lórí káàdì, nọ́ḿbà ti dé.

Ẹ ṣọ́ra fún T470 o. Ó jọ T480 lójú, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n core méjì, ìyẹn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU, ló wà nínú i5 rẹ̀. i5-8250U tó wà nínú tèmi ní mẹ́rin, Windows 11 sì gbà á. Ẹ wo ojú ìwòran T480 náà: àwọn kan wà tí iye àmì ojú wọn jẹ́ 1366x768 péré. Lórí ìyẹn, tábìlì mẹ́rin á gun ara wọn, HUD á sì bo káàdì. 1920x1080 ni kí ẹ bèèrè.

Bátìrì rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Méjì ni: ọ̀kan wà nínú, èyí ẹ̀yìn ṣeé yọ láìpa ẹ̀rọ. Bí iná bá lọ láàárín ọwọ́, mo máa ń yọ ti ẹ̀yìn, mo á ki èyí tó kún bọ̀ ọ́, tábìlì kankan ò sì ní já. MiFi mi ní bátìrì tirẹ̀.

Lóṣooṣù, mo máa ń lọ sí Housekeeping nínú PokerTracker, kó palẹ̀ database mọ́.

Mi ò ta ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Mo fi SSD sí i, mo gbé e fún àbúrò mi tó ń ṣe fídíò. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba ló fi ṣiṣẹ́ lé lórí kẹ́yìn, káàdì àwòrán yẹn sì ti wá rí iṣẹ́ tó tó o ṣe.